Wọ́n fẹ́ yọ tọ́ńsìlì ọmọ mi ní Òṣogbo: kí ni kí n sọ fún un, kí ni kí n sì tọ́jú sílẹ̀?

Ìyá Morẹ́ (Òkè-Baálẹ̀)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo gbé wá, ọmọ ọdún 6 ni. Ó ti pẹ́ tí ọ̀fun ti ń dà á láàmú. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná báyìí, ọ̀fun ló kọ́kọ́ ń wú, kò ní lè gbé itọ́ mì. Èyí tó wá ń já mi láyà jù ni oorun rẹ̀. Ó ń hanrun bí àgbàlagbà. Tó bá yá, èémí á dákẹ́, èmi náà á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, kó tó mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Dókítà elétí, imú àti ọ̀fun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní tọ́ńsìlì méjèèjì ti tóbi débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra láàárín ọ̀fun, ẹran kékeré tí wọ́n ń pè ní adenoid, tó wà lẹ́yìn imú, náà sì ti wú. Wọ́n á yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 tí ọjọ́ tí wọ́n fún wa máa pé.

Ohun tó ń fa àríyànjiyàn nílé ni bí a ó ṣe sọ ọ́ fún ọmọ. Ìyá ọkọ mi ní ká má sọ nǹkan kan, ká ní ọjà Ìgbọ́nà la fẹ́ lọ ra bàtà, ká gba ibẹ̀ yà sí ọsibítù. Ọkọ mi ní irọ́ nìyẹn. Èmi náà ò fẹ́ parọ́, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ ọ́, kò ní sùn mọ́ títí ọjọ́ á fi pé. Ọmọ tó ń bèèrè ìbéèrè ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, kí lẹ sọ fún tiyín?

Bàbá Ìbejì (Ọ̀tá-Ẹ̀fun)
Ọkọ yín ló jàre, mà. Ẹ má fi bàtà tàn án. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pè é lọ sọ́jà lóòótọ́, ojú yín lá máa wò. Àkọ́bí mi ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. A sọ fún un, ó sunkún díẹ̀, ó ní ṣé òun ṣì máa lè jẹ búrẹ́dì, ó sì bá eré rẹ̀ lọ. Màá padà wá sọ ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ, torí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé
Ìyá Morẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti gba ọmọ tí wọ́n tàn wá, mo ti gba èyí tí wọ́n sọ òótọ́ fún. Èyí tí wọ́n tàn, kì í ṣe dókítà nìkan ló ń bá jà, ìyá rẹ̀ gan-an ló ń bá jà. Kí nọ́ọ̀sì ṣáà mú tẹmómítà jáde, ariwo ti ta. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń bà á mọ́. Kò mọ ẹni tó lè gbà gbọ́ nínú gbogbo wa ni.

Ní ti ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ ọ́, ọjọ́ orí ló ń pinnu ẹ̀. Ọmọ ọdún 2 tàbí 3, ẹ sọ ọ́ tó bá ku ọ̀la, torí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Irú ọmọ tiyín, tó bá ku bí ọjọ́ 4 tàbí 5. Ọmọ tó ti tó ọdún 10, ní kété tẹ́ ẹ bá ti gba ọjọ́ ni, kó lè fẹnu ara rẹ̀ bi dókítà ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa lò. Ẹ má sọ pé "wọ́n fẹ́ gé ọ lọ́fun". Ọmọ tó ti dúró ti àgbò ọdún Iléyá nígbà tí wọ́n ń pa á, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn nìyẹn. Ẹ sọ pé: "Nǹkan méjì kan ti tóbi jù lọ́fun ẹ. Òun ni ò jẹ́ kó o rí èémí mí dáadáa lóru, òun náà ló ń jẹ́ kí ọ̀fun máa dùn ọ́. Inú ẹnu ni dókítà máa gbà yọ ọ́, kò ní fi nǹkan kan kan ọrùn ẹ níta." Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé oògùn ni wọ́n á fi kùn ún lóorun, pé oorun yẹn kì í ṣe irú èyí tó ń sùn nílé tí ariwo lè jí i. Kò ní gbọ́, kò ní mọ̀ ọ́n lára títí wọ́n á fi parí. Dókítà kan á wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó máa ṣọ́ èémí àti ọkàn rẹ̀ lọ. Ẹ má sì ṣèlérí pé kò ní dùn ún rárá. Ẹ sọ pé ọ̀fun á máa dùn ún tó bá jí, oògùn wà fún un, ó sì máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣeré. Ẹ wá ìbòmú kan, kó fi bo ọmọláńgidi rẹ̀ lẹ́nu, kó ní kó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kó lẹ pílásítà mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọláńgidi náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ki abẹ́rẹ́ dírípì sí. Tó bá ti ṣe é díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á máa ṣàlàyé fún yín. Ọmọkùnrin kan gbé ọmọláńgidi tirẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ó na ọwọ́ ọmọláńgidi náà sí dókítà pé kó kọ́kọ́ fún ọmọ òun ní abẹ́rẹ́. Dókítà sì ṣe bẹ́ẹ̀, ó wọ́ pílásítà lẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó kan òun gan-an, kò janpata.

Àǹtí Ayétòrò
Ẹ kú àlàyé, nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tá à ń náwó tó tóyẹn? Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, olóòlà ló ń bá wa gé bẹ́lúbẹ́lú, ilé la wà, a ò lọ síbì kan.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé
Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ yín o, mi ò sì rí yín fín. Bẹ́lúbẹ́lú tí olóòlà ń gé, ẹran kékeré tó so rọ̀ láàárín gbùngbùn ọ̀fun ni. Tọ́ńsìlì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kí wọ́n gé bẹ́lúbẹ́lú Morẹ́ lónìí, ohun tó ń dí i léèémí lóru ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ti gbé ọmọ wá bá wa látọ̀dọ̀ olóòlà rí tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, tó ti ń gbé e mì, tí ojú rẹ̀ ti funfun. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ti ẹlòmíràn lè kó HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí tẹ́tánọ́ọ̀sì bá ọmọ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sì bọ́ sọ́nà èémí, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni máa fi fà á jáde nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọ kankan lọ.

Àǹtí Ayétòrò
Ó dáa, ọ̀rọ̀ yín wọlé. Àmọ́ ṣé gbogbo ọmọ tí ọ̀fun ń dùn ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ tiẹ̀? Ọmọ ọmọ mi náà ń pariwo ọ̀fun.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé
Rárá o. Tó bá jẹ́ ọ̀fun dídùn nìkan, ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ni kó ti ṣẹlẹ̀ tó ìgbà 7 láàárín ọdún 1, tàbí ìgbà 5 lọ́dọọdún fún ọdún 2, tàbí ìgbà 3 lọ́dọọdún fún ọdún 3. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Ẹ máa kọ ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, ó ń ran dókítà lọ́wọ́. Ti Morẹ́ yàtọ̀, torí èémí tó ń dá dúró lójú oorun. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi falẹ̀.

Ìyá Akin
Ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu kan jẹ́nótáìpù. Ọmọ tèmi SS ni, ó ní àrùn fòníkú-fọ̀larọ̀, òun náà ṣe tọ́ńsìlì. Tọ́ńsìlì àwọn ọmọ SS sábà máa ń tóbi, bẹ́ẹ̀ èémí tí kò délẹ̀ lóru lè dá ìrora egungun sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n tó ṣe é, dókítà ẹ̀jẹ̀ àti dókítà ọ̀fun jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ṣáájú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tí wọ́n máa ń gbà ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti fi dírípì sí i, kí omi ara rẹ̀ má bàa gbẹ. Wọ́n ní ká gbé súwẹ́tà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì dání torí òtútù tíátà ò dára fún un rárá. Wọ́n sì dá a dúró ní wọ́ọ̀dù pẹ́ ju àwọn tó kù lọ.

Nítorí náà, ẹ má gbára lé "AS ni wọ́n sọ fún wa nígbà ìkómọ". Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí èsì rẹ̀ wà nínú fáìlì. Kí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà, kí wọ́n sì mọ bó ṣe pọ̀ tó lára.

Ìyá Morẹ́ (Òkè-Baálẹ̀)
Ẹ ṣé gan-an, mà. AA ni wọ́n kọ fún un, àmọ́ màá ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn ń kọ mí lóminú. Morẹ́ tó jẹ́ pé bó bá ti lajú ló ń béèrè búrẹ́dì. Ìyá ọkọ mi ò sì lè rí i kó máa sunkún ebi.

Ọmọ Ìlú Aró
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ààwẹ̀, torí iṣẹ́ tíátà ni mò ń ṣe. Tí wọ́n bá kun ènìyàn lóorun, ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá kó sì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ewu ńlá nìyẹn. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé kí oúnjẹ ti dáwọ́ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, wàrà inú agolo náà bẹ́ẹ̀. Ọmú ìyá, wákàtí 4. Omi lásán, wákàtí 2. Ògì kì í ṣe omi o, bó ti wù kó ṣàn tó, oúnjẹ ni. Àwọn ọsibítù kan á ní kó má fẹnu kan nǹkan kan láti ọ̀gànjọ́ òru. Èyí tí tiyín bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Àmọ́ ẹ bi wọ́n pé àsìkò wo gan-an ni omi gbọ́dọ̀ dúró. Tí wọ́n bá sì sún un síwájú lọ́jọ́ náà, ẹ dìde lọ bi wọ́n bóyá ó lè mu omi díẹ̀. Ẹ má jókòó kí ọmọ máa gbẹ.

Ẹ jókòó ti Màmá, kẹ́ ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ọmọ fi ebi sùn, ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀mí ló wà ńbẹ̀, àwọn gan-an ló máa ṣọ́ ọ. Kẹ́ ẹ kó búrẹ́dì àti bisikíìtì kúrò níwájú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí àwọn àbúrò rẹ̀ má sì jẹun lójú rẹ̀ láàárọ̀. Tó bá ṣèèṣì jẹ nǹkan, kódà kó jẹ́ ẹ̀kún ṣíbí kan, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n á sún ọjọ́ síwájú ni, ìyẹn sì sàn.

Nǹkan mìíràn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu yín: eyín tó ń mì. Ọmọ ọdún 6 ni, ìgbà tí eyín ìsàlẹ̀ iwájú ń yẹ̀ nìyẹn, ó sì lè já bọ́ sọ́nà ọ̀fun nígbà tí wọ́n bá ń ki rọ́bà èémí sí i lẹ́nu. Àgbo tẹ́ ẹ bá ń fún un, ẹ dárúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá a dúró. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen láìbéèrè. Tí ẹ̀jẹ̀ kì í bá tètè dá nínú ẹbí yín, bóyá nígbà ìdábẹ́ tàbí nígbà tí wọ́n yọ eyín fún ẹnì kan, ẹ sọ ọ́. Tí ikọ́ tàbí kátà bá mú un lọ́sẹ̀ tí ọjọ́ ku dẹ̀dẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ tètè pè wọ́n. Ẹ má bò ó nítorí kí ọjọ́ má bàa yẹ̀.

Ọmọ Àdúrà
Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ayé le. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ ọdún 6, yóò sọ ọ́ ní kíláàsì, yóò sọ ọ́ ní kéú, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Irú nǹkan báyìí, à ń bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi yọrí ni.

Bàbá Ìbejì (Ọ̀tá-Ẹ̀fun)
Ọ̀rẹ́ mi, mi ò bá yín jiyàn pé ayé le. Ẹ lè bò ó fún ará àdúgbò, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún kọ́ lẹ máa bò ó fún. Tíṣà rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbọ́, torí kò ní lọ síléèwé fún bí ọ̀sẹ̀ 2, kò sì ní sáré lórí pápá. Ìdí tí mo tún fi fara mọ́ ọjọ́ 4 sí 5 tí nọ́ọ̀sì wí nìyẹn: ọjọ́ díẹ̀ ló máa ní láti fi ròyìn.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ tí mo ṣèlérí.

Tó bá jí, ó lè máa sunkún, kó máa ta yín nù, kó má mọ̀ yín. Oògùn oorun ló ń kúrò lára rẹ̀, kì í pẹ́. Ó lè bì lẹ́ẹ̀kan, kí èyí tó bì dúdú; ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ tó gbé mì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tiwa di etí mú, ó ní etí ń dun òun. Àyà wa já, a rò pé àìsàn mìíràn ti dé. Dókítà ní iṣan kan náà ló ń gbé ìrora láti ọ̀fun lọ sí etí, pé etí rẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ẹ ó rí i pé ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ máa funfun, ẹnu rẹ̀ á sì máa rùn. Ọyún kọ́. Èèpá egbò ni. Ẹ má ha á.

Ìrora kì í lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ bí a ṣe rò. Ó lè rọlẹ̀ kó tún gbéra sókè nígbà tí èèpá bá ń ṣí, láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Ẹ fún un ní parasitámọ́ọ̀ lásìkò tí wọ́n kọ fún yín, ní ìwọ̀n tó bá ìwúwo rẹ̀ mu. Ẹ má dúró dìgbà tó bá sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní codeine tàbí tramadol, oògùn ìrora líle tí àgbà ń lò. Àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ lọ́dún 2017 pé ọmọ tí kò tíì tó ọdún 12 kò gbọ́dọ̀ lo codeine, àti pé ẹni tí kò tíì tó ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ fi tramadol pa ìrora lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ tọ́ńsìlì rẹ̀, torí àwọn ọmọ kan wà tí oògùn wọ̀nyí ń dá èémí wọn dúró.

Mímu nǹkan ni kókó. Ọ̀fun tó bá gbẹ, ìrora ń lé kún un ni. Omi tútù, ẹ̀kọ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìrẹsì rírọ̀, mọ́ínmọ́ín tí kò lata, àmàlà rírọ̀ tó ti tutù pẹ̀lú ewédú. Tiwa fẹ́ràn ìyẹn torí ó ń yọ̀ lọ́fun. Áísìkiriìmù dára, àmọ́ kì í ṣe ọ̀ranyàn, ẹ má torí iná tí kò sí máa dààmú. Kò gbọdọ̀ jẹ ìpékeré, ṣín-ṣín, sùyà, ọsàn kíkan tàbí ata. Ẹ má fún un ní sóbò tàbí ohun mímu pupa. Tó bá bì, ẹ ò ní mọ̀ bóyá sóbò ni tàbí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ló wá kẹ́yìn, òun ló sì tóbi jù. Tó bá tu ẹ̀jẹ̀ pupa, tó bá bì í, tàbí tẹ́ ẹ rí i lójú oorun tó ń gbé nǹkan mì léraléra, ọsibítù ni, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 5 sí 10 tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ó ti tán. A ò kúrò nílùú láàárín àkókò yẹn. Mo ti bá ọlọ́kọ̀ kan ní àdúgbò wa sọ ọ́ sílẹ̀, epo sì wà nínú ọkọ̀ tiwa náà. Tí ọjọ́ yín bá bọ́ sí oṣù kẹjọ, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, ẹ ti wo ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, torí èrò àti ọkọ̀ máa ń pọ̀.

Aṣọ Òkè
Owó ńkọ́? Ṣé ìwé adójútòfò ìlera ń gbé e?

Ọmọ Ìlú Aró
Ó dá lórí ètò tẹ́ ẹ wà. Tẹ́ ẹ bá wà lábẹ́ NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ tó rọ́pò NHIS lọ́dún 2022, tàbí ètò ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ lọ bi wọ́n nísinsìnyí. Ọsibítù kékeré tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ sí ló máa kọ ìwé tẹ́ ẹ máa mú lọ sí ti ńlá, wọ́n á sì gba kóòdù ìyọ̀ǹda kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kóòdù, wàhálà ni. Ẹ bèèrè àwọn ohun tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ rà fúnra yín pẹ̀lú.

Ìyá Morẹ́ (Òkè-Baálẹ̀)
Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ ṣeun. Mo ti sọ fún un lánàá, nígbà tí mò ń di irun fún un. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, Màmá náà wà níbẹ̀. Mo lo ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì gẹ́lẹ́. Ó dákẹ́, ó fọwọ́ bo ọrùn, ó ní, "Ṣé ohùn mi máa lọ?" Mo ní rárá, pé ó lè dún lọ́nà mìíràn fún ìgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì ni. Ó ní ṣé wọ́n á fi nǹkan méjì náà han òun. Bàbá rẹ̀ ní ká bi dókítà. Màmá wá sọ fún un pé àwọn náà ò ní jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ gba ààwẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Ìbéèrè kan ló kù tí mi ò rí èsì fún. Ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá lajú, ṣé ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ rí?" Mo ní màá bèèrè. Kí ni kí n sọ fún un?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọdé
Ẹ ti dáhùn dáadáa. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì tó wà ní tíátà bóyá wọ́n ń jẹ́ kí òbí wọ yàrá tí wọ́n ti ń jí. Ibì kan ń gbà, ibì kan ò gbà. Tí wọ́n bá gbà, ẹ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọn ò bá gbà, ẹ sọ pé nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ rí, pé ẹ̀yin á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á sì gbé e jáde wá bá yín. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, ẹ fi ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí hàn án, kẹ́ ẹ má sì kúrò níbẹ̀. Bàbá ni kó lọ ra oògùn tàbí kó lọ sanwó, kì í ṣe ẹ̀yin.